Láwàní Kì í Ṣe Àmì Ọ̀tá: Ìtàn Àwọn Síìkì àti Ẹ̀kọ́ Ilé-Ìwé Ìjọba

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ohun tí ojú kò rí rí ni í ya ẹnu. Bí ìyanu náà kò bá sì rí ẹni là á yé e, ìfòyà ni yóò dà, bí ó bá sì pẹ́, ìfòyà a di ìkórìíra. Nítorí èyí ni a ṣe ń rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé, kí ó lè mọ ohun tí ìyá àti bàbá rẹ̀ kò rí fi hàn án nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹjọ́ tí àwọn ẹlẹ́sìn Síìkì ń rò níwájú àwọn ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà mu. Ní orílẹ̀-èdè náà, ìjọba àpapọ̀ kọ́ ni ó ń pinnu ohun tí a ó kọ́ ọmọ. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń kọ ìlànà ẹ̀kọ́ tirẹ̀, àwọn tí ń tẹ ìwé a sì wo ìlànà náà kí wọ́n tó kọ ohunkóhun sínú ìwé ọmọ. Ohun tí kò bá sí nínú ìlànà kì í sábà dé inú ìwé, ohun tí kò bá sì sí nínú ìwé kì í sábà dé ẹnu olùkọ́. Ìdí nìyí tí àwọn Síìkì fi ń lọ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi ìtàn àti àṣà àwọn kún ẹ̀kọ́ ilé-ìwé ìjọba. Texas gbà ní 2010, Kalifọ́níà gbà ní 2016, Virginia náà sì gbà ní 2023. Àwọn mìíràn ti gbà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò tíì kárí. Àwọn kan ń wò ó bí ojúrere tí ìjọba ń ṣe fún ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀. Ẹni tí ó bá tú ìtàn náà dé gbòǹgbò yóò rí i pé gbèsè ni, ó sì ti pẹ́ nílẹ̀.

Ta ni à ń pè ní Síìkì? Ẹ̀sìn wọn bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Punjab, èyí tí ààlà Íńdíà àti Pakísítánì là sí méjì ní 1947. Gúrù Nanak, ẹni tí a bí ní 1469 ní Talwandi, ìlú tí a ń pè ní Nankana Sahib báyìí ní Pakísítánì, ni ó kọ́kọ́ wàásù rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run kan ṣoṣo ni ó wà, àti pé ìran tí a bí ènìyàn sí kò sọ ọ́ di ẹni gíga tàbí ẹni ilẹ̀. Gúrù mẹ́sàn-án, èyí tí í ṣe olùkọ́, ni ó tẹ̀lé e, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Àwọn ọba Mughal pa méjì nínú wọn: Gúrù Arjan ní Lahore ní 1606, àti Gúrù Tegh Bahadur ní Delhi ní 1675. Ẹni kẹwàá nínú gbogbo wọn, Gúrù Gobind Singh, ni ó dá ẹgbẹ́ Khalsa sílẹ̀ ní Anandpur ní 1699. Kí ó tó kú ní 1708, ó fi lélẹ̀ pé ènìyàn ẹlẹ́ran-ara kankan kò ní jẹ́ Gúrù lẹ́yìn òun mọ́. Ìwé mímọ́ wọn, Guru Granth Sahib, ni yóò máa jẹ́ Gúrù títí ayé. Nínú ìwé náà, orin àwọn olùfọkànsìn kan láàárín àwọn Híńdù àti àwọn Mùsùlùmí wà pẹ̀lú orin àwọn Gúrù fúnra wọn.

Ẹni tí ó bá wọ Khalsa a máa ní ohun márùn-ún lára: irun tí a kì í gé, òòyà onígi, ẹ̀gbà ọwọ́ onírin, ṣòkòtò pénpé abẹ́ aṣọ, àti idà kékeré tí ń rán an létí pé kí ó dúró ti ẹni tí a ń rẹ́ jẹ. Láwàní ni ọkùnrin fi ń bo irun náà, àwọn obìnrin kan náà sì ń wé e. Yorùbá tí ó mọ bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún orí ọmọ dàda kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè ìdí tí irun fi lè ju irun lọ lójú ẹni tí ó ni ín. Ọkùnrin a máa fi Singh, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ kìnnìún, kún orúkọ rẹ̀. Obìnrin a fi Kaur kún tirẹ̀. Ète rẹ̀ ni pé kí orúkọ má ṣe fi hàn mọ́ bóyá ìdílé ńlá ni ènìyàn ti wá tàbí ìdílé tí àwọn ẹlòmíràn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Nínú ilé ìsìn wọn, tí à ń pè ní gurdwara, oúnjẹ ọ̀fẹ́ kì í wọ́n. Langar ni orúkọ àjọjẹ yìí. Olówó àti tálákà, ẹlẹ́sìn yìí àti ẹlẹ́sìn tọ̀hún, gbogbo wọn a jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ìlà kan náà, wọn a sì jẹ oúnjẹ kan náà. Ní Harmandir Sahib tí ó wà ní Amritsar, ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni a ń bọ́ báyìí lójoojúmọ́.

Ẹ̀sìn tí ó ní irú ìtàn yìí tó kọ́ ọmọ nínú ẹ̀kọ́ nípa ayé. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ àwọn Síìkì ní Amẹ́ríkà jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìtàn wọn ti wọ inú ìtàn ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tí ó ti ṣe ọmọ-ogun rí láti Punjab ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilé ìlàgi, wọ́n bá wọn la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì dáko ní Kalifọ́níà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 1907, ní Bellingham ní ìpínlẹ̀ Washington, ogunlọ́gọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun ya bo ibùgbé àwọn ará Íńdíà tí ń ṣiṣẹ́ ìlàgi, tí púpọ̀ jù nínú wọn jẹ́ Síìkì. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n da ẹrù wọn síta, wọ́n sì lé wọn kúrò nílùú. Àwọn mìíràn ta gbòǹgbò ní ibòmíràn. Ní 1912 wọ́n dá gurdwara àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní Stockton. Ní 1913 Kalifọ́níà ṣe òfin pé àjèjì tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti di ọmọ orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ ní ilẹ̀ oko. Ní 1917 ìjọba àpapọ̀ ṣe òmíràn tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ń bọ̀ láti Íńdíà. Nígbà tí wọn kò lè mú ìyàwó wá láti ilé, àwọn kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà ní àfonífojì Imperial fẹ́ obìnrin ọmọ Mẹ́síkò, wọ́n sì bí àwọn ọmọ tí à ń fi èdè Sípéènì sọ lórúkọ, tí orúkọ bàbá wọn sì jẹ́ Singh.

Nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí, ẹjọ́ Bhagat Singh Thind ni ó yẹ kí ọmọ ilé-ìwé kọ́kọ́ mọ̀. Ó wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ní 1918, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, pẹ̀lú láwàní lórí rẹ̀. Òfin ìgbà náà sọ pé nínú àwọn àjèjì, aláwọ̀ funfun àti ẹni tí ó ṣẹ̀ láti Áfíríkà nìkan ni a lè sọ di ọmọ orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kọkànlá 1922, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dá ẹjọ́ fún Takao Ozawa, ọmọ Jàpáànù, pé òun kò lè jẹ́ aláwọ̀ funfun, nítorí pé kì í ṣe ara ẹ̀yà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní Caucasian. Thind wá tọ́ka sí ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé kan náà, pé inú ẹ̀yà yẹn gan-an ni wọ́n ka àwọn ará àríwá Íńdíà sí. Ní oṣù Kejì 1923, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn ti Ozawa, ilé-ẹjọ́ náà yí ohùn padà. Àwọn adájọ́ fẹnu kò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé kọ́ ni a ó tẹ̀lé, bí kò ṣe òye ènìyàn lásán láwùjọ. Ènìyàn lásán kò sì ka irú Thind mọ́ aláwọ̀ funfun. Báyìí ni ẹ̀tọ́ náà ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìjọba sì ń gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè padà lọ́wọ́ àwọn ará Íńdíà mìíràn tí ó ti ní in tẹ́lẹ̀. Ọdún 1936 ni Thind tó rí i gbà, lábẹ́ òfin mìíràn tí a ṣe fún àwọn tí ó ti jagun.

Ní 1946 ni òfin tó gbà pé kí àwọn ará Íńdíà di ọmọ orílẹ̀-èdè. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn ará Kalifọ́níà dìbò yan Síìkì kan, Dalip Singh Saund, sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Washington. Ọkùnrin yìí ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní yunifásítì ní 1924, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dáko ní àfonífojì Imperial. Nínú gbogbo ẹni tí ó ṣẹ̀ láti ilẹ̀ Éṣíà, òun ni a kọ́kọ́ dìbò yàn sí ilé ìgbìmọ̀ náà.

Òye ènìyàn lásán: ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà fìdí kalẹ̀ sí. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ kan bá sọ pé ohun tí ènìyàn lásán mọ̀ ni yóò pinnu ẹni tí í ṣe ọmọ ilé àti ẹni tí í ṣe àjèjì, ó tọ́ kí a béèrè ibi tí ènìyàn lásán ti kọ́ ohun tí ó mọ̀. Kò bí i mọ́ra. Díẹ̀ ni ó gbọ́ lẹ́nu òbí, díẹ̀ ni ó gbọ́ lójà, èyí tí ó kù sì jẹ́ ohun tí ilé-ìwé kọ́ ọ tàbí ohun tí ilé-ìwé fi sílẹ̀ láìkọ́. Ìjọba tí ó fi owó-orí gbogbo ènìyàn kọ́ ilé-ìwé, tí ó sì fi òfin mú gbogbo ọmọ lọ síbẹ̀, kò lè sọ pé òun kò mọ nǹkan kan nípa bí òye náà ṣe rí.

Ohun tí irú òye bẹ́ẹ̀ lè ṣe hàn gbangba ní 2001. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí àwọn agbésùnmọ̀mí fi ọkọ̀ òfuurufú kọlu New York àti Washington, ọkùnrin kan yìnbọn pa Balbir Singh Sodhi níwájú ilé epo rẹ̀ ní Mesa ní ìpínlẹ̀ Arizona. Láwàní àti irùngbọ̀n ni apànìyàn náà rí, ó sì rò pé òun ti rí ọ̀tá. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ 2012, ọkùnrin mìíràn wọ gurdwara tí ó wà ní Oak Creek ní Wisconsin, ó sì pa ènìyàn 6. Ẹni keje kú ní 2020 nítorí ọgbẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ọmọdé ń jẹ nínú ìyà náà lọ́nà tiwọn. Ní 2014, ẹgbẹ́ Sikh Coalition gbé ìwádìí jáde láti ìlú mẹ́rin: ó lé díẹ̀ ní ìdajì àwọn ọmọ Síìkì tí wọ́n bi léèrè tí ó ní àwọn ẹgbẹ́ àwọn ń fìyà jẹ àwọn nílé-ìwé, láàárín àwọn tí ń wé láwàní, ó tó 67 nínú 100. Ọmọ tí a ń pè ní agbésùnmọ̀mí ní kíláàsì, tí olùkọ́ kò sì mọ ohun tí yóò fi dá àwọn tí ń pè é bẹ́ẹ̀ lóhùn, ẹ̀kọ́ wo ni ó ń kọ́ níbẹ̀ ní tòótọ́? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Olùkọ́ ni àgbà ọjà yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò kọ́ kò lè kọ́ni.

Ìṣọ́ra kan wà níhìn-ín tí kò yẹ kí a gbàgbé. Ó rọrùn láti sọ fún ọmọ pé, “Ẹ má fìyà jẹ Síìkì, kì í ṣe Mùsùlùmí.” Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ burú ju àìkọ́ lọ, nítorí ó ń sọ fún ọmọ náà pé ẹni tí ó ń lù ni ó ṣì mọ̀, pé lílù fúnra rẹ̀ kò burú. Àwọn Síìkì pàápàá ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ohun tí ó tọ́ ni kí a kọ́ ọmọ ní ohun tí Síìkì jẹ́, kì í ṣe ohun tí kò jẹ́.

Àwọn tí kò fara mọ́ ètò náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn, kò sì yẹ kí a tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní ilé-ìwé ìjọba kò gbọdọ̀ di ilé ìsìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ náà ti la ààlà yìí ní 1963, nígbà tí ó ní ilé-ìwé ìjọba kò gbọdọ̀ darí ọmọ nínú àdúrà tàbí Bíbélì kíkà gẹ́gẹ́ bí ìsìn, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí a má kọ́ nípa ẹ̀sìn gẹ́gẹ́ bí apá kan ìmọ̀. Kíkọ́ ọmọ pé Gúrù Nanak gbé ayé, pé báyìí ni ó wí, yàtọ̀ sí kíkọ́ ọ pé kí ó tẹ̀ lé e. Wọ́n tún ní bí a bá kọ́ ti Síìkì, ti ta ni a kò ní kọ́, nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ kò gùn tó bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn ni pé púpọ̀ nínú ìtàn yìí kò béèrè àyè tuntun. Kò sí bí a ó ṣe kọ́ ọmọ bí ènìyàn ti ń di ọmọ Amẹ́ríkà kí a má dárúkọ Thind, tàbí kí a kọ́ ọ ní ìtàn oko Kalifọ́níà kí a má dárúkọ àwọn àgbẹ̀ Punjab. Àyè wọn ti wà nínú ìtàn náà. Ìwé ni kò kọ ọ́ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ó wúwo jù. Àwọn kan ní ìmọ̀ kò lè wo ìkórìíra sàn. Ẹni tí ó pa ènìyàn ní Oak Creek ti pẹ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ tí ń gbé aláwọ̀ funfun ga ju gbogbo ènìyàn lọ. Kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ojú ìwé kan nígbà èwe rẹ̀ ìbá yí i lọ́kàn padà. A gbọ́dọ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ilé-ìwé kò lè ṣèlérí pé ìbọn kò ní dún mọ́. Èyí tí ó lè ṣe ni kí ọgbọ̀n ọmọ tí ó wà nínú kíláàsì mọ ohun tí ó wà lórí ẹnìkejì wọn àti ìdí tí ó fi wà níbẹ̀, kí ẹni tí yóò fa láwàní náà má rí alátìlẹ́yìn. Oníkòórìíra kì í pọ̀ nílùú. Àwọn tí kò mọ̀, tí wọ́n sì ń wòran, ni ó ń pọ̀.

Bí a bá ti gbà pé kí a kọ́ ọ, ọ̀nà tí a ó gbà kọ́ ọ ku ọ̀rọ̀. Ìlà mẹ́rin nípa láwàní àti ohun márùn-ún lásán kò tó. Ìyẹn a máa sọ ènìyàn di ohun àfihàn. Ó yẹ kí a kọ́ ìtàn tí ó dùn àti èyí tí kò dùn. Ní oṣù Kẹfà 1984, ọmọ-ogun Íńdíà wọ Harmandir Sahib láti lé àwọn tí ó di ìhámọ́ra síbẹ̀ jáde, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì tí wọ́n jẹ́ Síìkì pa Indira Gandhi tí í ṣe olórí ìjọba. Ní àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e, àwọn jàǹdùkú pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún Síìkì ní Delhi àti ibòmíràn. Síìkì ń wo ìtàn yìí lọ́nà kan, ọ̀pọ̀ ará Íńdíà mìíràn ń wò ó lọ́nà kejì. Nígbà tí Kalifọ́níà ń tún ìlànà rẹ̀ kọ ní 2016 pàápàá, àríyànjiyàn ńlá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn ẹgbẹ́ Híńdù lórí bóyá Íńdíà ni kí a máa pe ilẹ̀ náà nínú ìtàn àtijọ́, tàbí Gúúsù Éṣíà. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Àwọn Síìkì gbọ́dọ̀ wà nídìí tábìlì tí a ti ń kọ ìtàn wọn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹgbẹ́ kankan dá nìkan di kálàmù mú. Àwọn òpìtàn tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ni kí ó di í mú, kí wọ́n sì fi ẹ̀rí lé ohun tí wọ́n bá kọ.

Amẹ́ríkà nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní 1914, ọkọ̀ Komagata Maru kó ènìyàn 376 láti Punjab, tí púpọ̀ jù nínú wọn jẹ́ Síìkì, dé Vancouver ní Kánádà; oṣù méjì ni wọ́n fi wà lórí omi kí ìjọba tó lé púpọ̀ jù nínú wọn padà. Ní 2016 ni olórí ìjọba Kánádà, Justin Trudeau, tọrọ àforíjì nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní Ìlú Ọba, ẹjọ́ ọmọ Síìkì kan tí ilé-ìwé aládàáni kan kò fẹ́ gbà nítorí láwàní dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ àgbà ní 1983, wọ́n sì dá a láre pé ẹ̀yà ni Síìkì jẹ́ lábẹ́ òfin tí ó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1988 níbẹ̀ sì ní kí ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn máa ka àwọn ẹ̀sìn pàtàkì mìíràn tí ó wà nílẹ̀ náà sí, yàtọ̀ sí ti Kristẹni. Ìlú tí ó ti gba ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ kò yẹ kí ó fi í pa mọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ó kan Yorùbá náà. Àwọn ọmọ-ogun Nàìjíríà tí ó lọ jagun ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì bá àwọn Síìkì tí ó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Íńdíà jà lábẹ́ àsíá kan náà, nínú ogun tí ọ̀pọ̀ ìwé ilé-ìwé Ìlú Ọba kì í sábà rántí àwọn méjèèjì. Lónìí, ọmọ Adébáyọ̀ àti ọmọ Singh ń jókòó nínú kíláàsì kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Houston. Òbí Yorùbá tí ó bá ń ráhùn pé a kò kọ́ ọmọ òun ní ìtàn àwọn baba rẹ̀ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ dákẹ́ nígbà tí Síìkì bá ń ráhùn ohun kan náà, nítorí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì yóò gbà wọlé.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn baba ńlá àwọn ọmọ tí ń wé láwàní yìí bá wọn kọ́ ilé Amẹ́ríkà, wọ́n la gi rẹ̀, wọ́n ro oko rẹ̀, wọ́n sì wọ aṣọ ogun rẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ tí kò tíì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ kọ ọ́, kí wọ́n sì pèsè olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ́, kí òye ènìyàn lásán ti ọ̀la lè sàn ju èyí tí a fi dá ẹjọ́ Thind lọ.